Òkú Ìyá Mùnírátù àti Owó Páàkì Tafo

"Ẹ ò ní gbowó páàkì lọ́wọ́ mi láyé!"

Gbì! Ṣàkírù fi ẹ̀ṣẹ́ gbá tábìlì níbi ìpàdé ọjà Tafo, omi inú ife alága fò sókè, ó dà sí i nítan.

Inú Ṣàkírù kò lè ṣe kó má bàjẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ Dátísìn rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ta abọ́ tánganran látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Dátísìn ọ̀hún sì ti gbó débi pé ọkùnrin mẹ́fà ló ń tì í láràárọ̀ kó tó jí. Krrr… krrr… pùúù!

Kwaku alága nu itan rẹ̀.

"Gbogbo ọkọ̀ ló máa san. Àfi ọkọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀."

Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Ta ló máa fi ọ̀rọ̀ òkú ṣeré ní Kumasi?

Ṣàkírù náà pàtẹ́wọ́. Tirẹ̀ ló dún jù.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àkísà pupa, àmì ọ̀fọ̀ ní Kumasi, ti wà lára dígí Dátísìn. Ṣàkírù wọ dúdú látòkè délẹ̀, ó fi pupa di orí, ó ń fa imú fìn-ìn, fìn-ìn.

Yaa tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì sáré dé. "Wofa Ṣàkírù! Hwan na wawu? Ta ló kú?"

"Ìyá ìyàwó mi ni! Ìyá Mùnírátù ti Krofrom! Yéè!"

"Due, due o! Ẹ kú àfẹ́kù! Ṣebí ẹ̀yin Mùsùlùmí kì í gbé òkú sílẹ̀ mọ́jú?"

"A ti sin ín. Ó ku àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó sì tún ku ti ogójì ọjọ́."

Yaa da tíkẹ́ẹ̀tì padà sápò.

Ogójì ọjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ̀rín ń pa mí! Ọ̀gbẹ́ni ti ń rò ó lọ́kàn pé bí ogójì bá pé, bàbá ìyàwó ṣì wà nílẹ̀ tí òun ò tíì pa.

Sátidé dé. Ṣàkírù rí gbogbo ọjà nínú pupa àti dúdú, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ tròtrò. Kò bìkítà, kò sì bi wọ́n léèrè òkú ta ni. Sátidé wo ni wọn kì í relé òkú ní Kumasi?

"Wofa, a ó pàdé níbẹ̀ o!"

"Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀!"

Krofrom ni wọ́n kọrí sí. Wọ́n gbé páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò dání, wọ́n sì bú sẹ́kún wọnú àgbàlá. Màmá kan tó sanra dáadáa ń dín àkàrà kóòsé níbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Kwaku ní, "yàrá wo ni ti olóògbé Ìyá Mùnírátù?"

"Èmi ni Ìyá Mùnírátù."

Yéè!

Kwaku ló kọ́kọ́ sá. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà ní Krofrom títí dòní. Ẹni kan fo ògiri àgbàlá jáde nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu! Yaa nìkan ló kù, torí páálí ọtí wà lórí rẹ̀. Òun ló jókòó, tó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún màmá látorí owó páàkì dórí ogójì ọjọ́.

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó yọ kóòsé tó kù nínú epo, ó gbọnwọ́.

"Ọmọ mi, yá mi láṣọ pupa rẹ yẹn."

Kò pẹ́ tí takisí kan wọ páàkì Tafo, wùùù, àkísà pupa lára dígí. Iwájú Dátísìn gan-an ló ti dúró. Màmá bọ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ọkọ ọmọ mi o! Ó lọ o!"

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ṣàkírù. Gbàǹgbàlà!

Yaa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé màmá, ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

"Màmá, ta ló kú?"

"Ṣàkírù ni."

"Ṣebí Ṣàkírù ló dúró yẹn?"

Màmá ká apá aṣọ sókè.

"Fara balẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí takisí dúró dáadáa ná. Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ pa á."

Yaa wo Ṣàkírù. Ó wo màmá. Ó da tíkẹ́ẹ̀tì padà sápò.

"Ẹ máa wọlé, Màmá. Ọ̀fẹ́ ni."