Ìdọ̀bálẹ̀ Létí Òkun

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo yín lẹ rò pé ilé òkú ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa á. Irọ́ ni. Etíkun ni, níbi tí a ti lọ gba atẹ́gùn, èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo sì gbé kúlà omi tútù lọ. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi mí pé ṣebí òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ta ló ń sọ ìtàn nínú èmi àti ẹ̀yin?

Bọ̀dá mi, Ládépò, ló kó wa sí i. Ọmọ wọn obìnrin, Fadérera, fẹ́ fẹ́ Ọláìtán, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tún fìríìjì ṣe. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀ àfi Bọ̀dá. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ èèyàn kí. Wọ́n á kàn tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnì tó já bọ́. Ẹni tí kò bá fi àyà kanlẹ̀ fún mi, tí kò sì dúró síbẹ̀ títí màá fi ní kó dìde, kò ní mú ọmọ mi lọ." Fadérera wá ní kí gbogbo wa pàdé ní etíkun lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, bóyá atẹ́gùn á rọ bàbá òun lọ́kàn.

Etíkun náà dára, mi ò ní purọ́. Wọ́n ti to òkúta síwájú òkun, kí ìgbì tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tí kò tíì rìn dáadáa jókòó sínú omi, wọ́n ń fi ike bù ú da síra wọn lórí. Omi tí kò ṣe ọmọ ọwọ́ ní nǹkan kan, àwa àgbà ló wá rí fín.

Bọ̀dá wọ agbádá. Agbádá, létíkun! Ìyàwó wọn bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní èèyàn kì í wọ ṣòkòtò péńpé pàdé àna. Wọ́n gbé àga oníke sí ibi tí omi ti ń wá, tó tún ń padà, wọ́n ní ó ń tu àwọn lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ sún sẹ́yìn, ọmọ ń bọ̀ wá kí yín." Wọ́n ní ṣé èmi ni màá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń jókòó ni. Mo bá jókòó ti kúlà mi.

Ọláìtán dé nínú aṣọ funfun báláú. Kò wọ̀tún, kò wòsì. Ó nà gbalaja síwájú Bọ̀dá, àyà kanlẹ̀, àgbọ̀n kan yanrìn tútù. Inú mi dùn. Kàkà kí Bọ̀dá ní kó dìde, àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"O ò ní rógun ojú omi!"

"Àmín, sà."

Ìgbì kékeré kan rọra wọlé, ó wọ Ọláìtán lẹ́nu.

"O ò ní mu omi ìbànújẹ́!"

"À... gbúlú... mín, sà."

"Ohun tó ń gbé ẹgbẹ́ rẹ mì kò ní gbé ọ mì!"

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò gbọ́ àmín, hówùhówù nìkan ni mo gbọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dìde!" Wọ́n ní kí n má ba àdúrà jẹ́. Àdúrà wọn kúrò lórí ọmọ, ó bọ́ sórí ọmọ-ọmọ. Àga ń rì lábẹ́ wọn, wọn ò mọ̀. Bí wọ́n ṣe pariwo pé "Láṣẹ Èdùmàrè!" ni ẹsẹ̀ àga kan wọlẹ̀, Bọ̀dá fì sápá kan, eyín òkè wọn sì fò jáde, ó bọ́ sínú omi.

Ẹ gbọ́, eyín yẹn kì í ṣe eyín àbínibí. Dókítà ló ṣe é. Èmi àti ìyàwó wọn nìkan ló mọ̀, àmọ́ ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ronú.

Bọ̀dá fọwọ́ bo ẹnu. Ṣé wọ́n á wá la ẹnu òfìfo níwájú àna ni? Wọ́n ń mirí, wọ́n ń ṣe "hùn, hùn." Ìyàwó wọn rí bí wọ́n ṣe fì sápá kan, ó figbe ta: "Yéè! Rọpárọsẹ̀ ti mú ọkọ mi o!" Fadérera rí orí tí bàbá rẹ̀ ń mì, ó rò pé wọ́n ní àwọn ò fọmọ fún Ọláìtán mọ́, lòun náà bá bú sẹ́kún. Èmi náà fọwọ́ bojú, mo ń ké "Bọ̀dá mi o!" Àwọn ọmọ tó ń bu omi dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá.

Ọláìtán ńkọ́? Ó ṣì wà nílẹ̀! Wọn ò tíì ní kó dìde. Omi iyọ̀ ti ta á lójú, ojú pọ́n, omijé ń dà wàrà. Tó bá dìde láti ran àna rẹ̀ lọ́wọ́, ìyàwó lọ. Tí kò bá sì dìde, wọ́n á ní ó ń wò wọ́n níran. Ibẹ̀ ló wà tí ìgbì fi tún rọra wọlé, tó gbé eyín Bọ̀dá wá síwájú imú rẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ bò ó. Ó fi ikùn wọ́ dé abẹ́ agbádá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn bí ẹní gbé obì fún àgbà.

Bọ̀dá kọ̀yìn sí wa, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, ẹnu ti pé, yanrìn sì ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Fadérera, ọkọ rẹ nìyí."

Ìyàwó wọn ní, "Rọpárọsẹ̀ ńkọ́?"

"Rọpá kí ni? Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn ń sunkún ni, kò sí èyí tó rí nǹkan kan nínú yín. Ọmọ yìí ń sunkún, ó sì ń ríran. Ẹ wá fà mí dìde jàre, àga ti rì!"

Títí dòní ni Fadérera ń bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló rí lọ́jọ́ náà. Kò sọ. Bọ̀dá náà ò sọ. Ẹ ó wá bi mí pé ta ló wá sọ fún èmi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo fọwọ́ bojú lóòótọ́, mò ń ké "Bọ̀dá mi o" tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mo la ìka sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà ò kúkú purọ́: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.