Fọlábí Gbé Ẹ̀rọ Ìpe-Oúnjẹ Dé Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìmísí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń rí fún Ọ̀gbẹ́ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán, kó bá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, níwájú Ilé Oúnjẹ Ìtùnú ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1988. Oòrùn ti ń gun orí bọ̀, ọbẹ̀ ti jinná, Fọlábí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yìí.

Táì pupa wà lọ́rùn rẹ̀, ó gùn dé ìdodo. Ó gbé àpótí dání, nítorí ẹni tó wọ táì kì í ru ẹrù. Ẹ̀rọ méjì àti wáyà tí wọ́n ká jọ ló wà nínú àpótí náà. Alùhájì Sàídù tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ tí Fọlábí ń bá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ ti bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀: bó bá tún gbé ẹ̀rọ náà padà wá láìtà, kó má wulẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, kó máa gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí Fọlábí ti ń polówó kiri, kò rí ẹyọ kan tà. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà á.

Ìyá Ìmísí ló ni ilé oúnjẹ. Aládùúrà paraku ni. Rose ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi Rose pè é kò ní í jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò àti iyán ló ń tà, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó wà ní òdìkejì títì ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀gá báńkì ti wá kéde pé láti ọjọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde lọ jẹun mọ́. Olóúnjẹ tí wọ́n bá lè bá sọ̀rọ̀ láìdìde lórí àga, tí á gbé oúnjẹ wá bá wọn, òun ni wọn yóò máa bá rà. Fọlábí gbọ́ ìròyìn yìí ní Ọ̀yọ́, ló bá wọ mọ́tò.

Ó dé iwájú ìkòkò, ó tẹ̀ba díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Èmi ni mo wá gbà yín là."

Ìyá Ìmísí kò gbójú sókè. "Jésù ti gbà mí là ṣáájú rẹ, ọmọ mi. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ dà?"

Fọlábí wo eruku ilẹ̀, ó wo táì rẹ̀, ó fi ìka kan kanlẹ̀. Ìyá Ìmísí ní òun ti rí ìka, òun á fojú sọ́nà fún ìyókù, kó máa wí.

Ó wí. Ó ní ayé ti yí padà, ní Èkó àwọn olóúnjẹ kì í pariwo mọ́, ẹ̀rọ ní í bá wọn gba iṣẹ́. Ó ní oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà, òun yóò fi owó wọn wéra níṣojú màmá, kí màmá fúnra wọn dájọ́. Ó wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí tẹlifóònù. Wọ́n á sanwó kí wọ́n tó fa wáyà rẹ̀ wá, wọ́n á sì máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù.

"Bó bá dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìparí ńkọ́?"

"Ẹ ó ṣì sanwó, màmá."

"Kò ṣiṣẹ́, ó sì ń gbowó oṣù."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Mo mọ irú ẹ̀. Mẹ́ta wà nínú kọ́mítì ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Fọlábí yáa fi tẹlifóònù sílẹ̀, ó kọjá sórí wọkitọ́kì, irú èyí tí ọlọ́pàá máa ń gbé sí ìbàdí. Èyí kò ní wáyà, àmọ́ owó rẹ̀ tó ra alùpùpù, ó ń jẹ bátìrì bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ lọ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Ó ní ó tún ní òfin tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, àfi tí ẹni àkọ́kọ́ bá parí, tó sọ pé "ófà".

"Bí mi ò bá tíì parí ńkọ́?"

"Ẹ kò ní í sọ ọ́ nígbà náà."

"Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ni oníbàárà tó lè dá mi lóhùn?"

"Ìgbà náà ni, màmá."

Ìyá Ìmísí ro ọbẹ̀ rẹ̀, ó ronú sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tọkàntọkàn. "Òru ni wọn ó máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí Ìyá Ìmísí bá dìde láti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn máa ń lọ sílé lọ wo iná, wọn a sì tún padà wá bá a lórí ẹ̀rí náà.

Ibi tí Fọlábí ń lọ ló dé yìí. Ó ṣí àpótí, ó gbé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní íńtákọ́mù rèé. Ọ̀kan á wà nídìí ìkòkò, ọ̀kan á wà ní báńkì, wáyà á so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, kò sí owó oṣù, kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ófà. Ibi tó wá fi ń yangàn jù ni pé ẹnì kankan kò ní láti gbé e sétí. Ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete, gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá ni yóò gbọ́ ọ.

"Èló?"

"Ẹgbẹ̀ta náírà. Owó ẹ̀ kò ṣeé dín, màmá. Alùhájì Sàídù ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Gba ọgọ́rùn-ún."

"Màmá, mo ní kò ṣeé ná."

"Ábúráhámù ná Ọlọ́run lórí Sódómù, láti àádọ́ta ènìyàn títí dé mẹ́wàá, Ọlọ́run kò bínú. Ta wá ni Alùhájì Sàídù?"

Fọlábí kò fẹ́ kan Ọlọ́run lábùkù. Ó já a sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ìyá Ìmísí béèrè pé kí ni èènì rẹ̀. Ó ní bátìrì wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Ìmísí ní bátìrì kọ́ ni èènì, oúnjẹ ẹ̀rọ ni bátìrì. Òun náà kì í bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì kí òun wá pe ọbẹ̀ ní èènì. Fọlábí já a sí irinwó, òógùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin táì rẹ̀. Níkẹyìn, Ìyá Ìmísí ní a kì í ra bàtà láì tì í bọ ẹsẹ̀. Kó lọ gbé ọ̀kan sí báńkì, kó bá òun ra oúnjẹ láti ibẹ̀. Bí ó bá dùn, òun á sọ iye tí òun ní lọ́kàn.

Inú Fọlábí dùn. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí. Ó fa wáyà gba orí igi máńgòrò kọjá títì, ó bẹ ọ̀gá báńkì, ọ̀gá gbà, ó sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí káńtà láàárín gbọ̀ngàn. Ọ̀sán ti pọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ojú ẹni tí ebi ń pa ka owó olówó. Fọlábí gbé ọrùn sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Ìyá Ìmísí, mo fẹ́ ra oúnjẹ."

Lẹ́yìn náà ohùn kan bú jáde tí akọ̀wé kan fi ju bírò nù.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé nìyẹn?"

Ni Fọlábí bá bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru, ẹ kú ìdí iná, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ìkankan. Ó tún béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè àwọn àbúrò rẹ̀, ó béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ sí ní Ọ̀yọ́.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"N kò tíì ní, màmá."

"Kí ló fà á?"

Ẹni tó ń ka owó dúró lórí ẹyọ kan. Ojú ti Fọlábí débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ó tẹnu mọ́ ẹ̀rọ, ó rọra ní ìrẹsì abọ́ kan àti ẹran kan ni òun fẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́.

"Ẹran wo?"

"Ẹran màlúù ni, màmá."

"Màlúù tóbi. Ibo lára ẹ̀? Máa bọ̀, wá fi ìka tọ́ka sí i."

"Màmá, torí ká má baà wá ni ẹ̀rọ ṣe wà. N kò ní í dìde níbí."

"Ó dáa. Fetí sílẹ̀ nígbà náà."

Ó ṣí ìkòkò. Wọ́n gbọ́ ọ bí ọmọrí ṣe ró. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹran náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tìfẹ́tìfẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó yege. Ó ní ṣàkì wà, ó ti mu ata yó. Ó ní pọ̀nmọ́ wà, ó nípọn bí èèpo Bíbélì. Ó ní eegun kan wà tó ní mùdùnmúdùn nínú, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ má ṣe wọ aṣọ funfun. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọ́ tí dòdò ń han nínú epo. Ẹ̀rọ Alùhájì Sàídù kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ọ̀kan sì tún wà létí ìkòkò níbí," ni ohùn náà wí, ó sì rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń gbàdúrà. "Ọ̀rá fi ọ̀já funfun yí i ká. Epo ń ṣàn lára ẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ó, mo ní kí Olúwa bá mi mú ojú mi kúrò níbẹ̀."

Fọlábí gbé itọ́ mì. Ẹ̀pà tó jẹ nínú mọ́tò ló ṣì wà níkùn rẹ̀. Ó gbàgbé títa, ó gbàgbé rírà, ó gbàgbé Alùhájì pàápàá.

"Èyí tí ẹ ń wò yẹn, màmá, ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Èmi ni mo pè é o."

"Mo gbọ́. Ìwọ lo pè é."

Ó nu òógùn ojú, ó yíjú padà kó lè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì pé ṣé wọ́n ti rí i bó ṣe rọrùn. Kò rí ẹnikẹ́ni. Àga ṣófo, bírò wà nílẹ̀, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà gan-an ti lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ní "Màmá," kò sí èsì, ariwo abọ́ nìkan ló ń gbọ́. Nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, ó rí gbogbo wọn lórí ìlà níwájú ìkòkò, ọ̀gá báńkì ló síwájú.

Fọlábí gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lérí, ó sá kọjá títì. Bó ṣe dé ibẹ̀, ọ̀gá báńkì ti ń fi ẹnu tó kún sọ pé òun ti wọ́gi lé òfin ọjọ́ Ajé, pé ó yẹ kí ojú rí ohun tí ẹnu fẹ́ jẹ. Fọlábí bẹ Ìyá Ìmísí pé kí wọ́n má wo ti ọ̀gá, kí wọ́n ṣáà ra ẹ̀rọ náà, Alùhájì ní kí òun má padà wá.

"Kí ni n ó máa fi ẹ̀rọ pè wọ́n sí, tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn bọ̀?"

"Ẹ san igba náírà."

Ìyá Ìmísí ń bu ìrẹsì.

"Màmá, ẹ san ọgọ́rùn-ún. Iye tí ẹ fẹnu yín ná an nìyẹn."

"Mo ná an nígbà tí mo fẹ́ rà á. Wàá jẹ dòdò?"

Fọlábí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú táì rẹ̀. Ó rí ilé ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́kàn, ó rí ojú tí ìyá náà yóò fi wò ó, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kò mọ̀ pé wọ́n lé èèyàn níṣẹ́. Ó ní ó dáa, kí wọ́n bu dòdò sí i.

"Ẹran tí mo pè ńkọ́, màmá?"

Ìyá Ìmísí wo inú ìkòkò, ó fi ṣíbí tọ́ka sí ọ̀gá báńkì, tí epo ń dán ní ètè rẹ̀ méjèèjì.

"Ìwọ fẹnu pè é, òun fi ìka tọ́ka sí i." Àánú Fọlábí wá ṣe é lóòótọ́, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gbé ẹ̀rọ rẹ wá, jẹ́ ká pè é padà."