Ògbufọ̀ Ẹ̀rọ Bísíkíìtì

Bí ikọ́ bá ń ṣe yín, ẹ má jẹ́ kí Láolú gbọ́, nítorí ikọ́ tirẹ̀ ti gbé e dé ẹnu ibojì rí kó tó padà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ mọ lọ́yà kan, á ní òun àti adájọ́ jọ ń jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan náà. Kì í kúkú ṣe pé òpùrọ́ ni. Òpùrọ́ a máa jókòó ro irọ́ rẹ̀ kó tó pa á. Ti Láolú yàtọ̀: ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ lọ, òun alára á wá máa sáré tẹ̀lé e.

Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Agége ló ń gbé, níbi tó ti jẹ́ ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí gan-an ló bà á jẹ́. Bí àlejò oníwàásù bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbólóhùn kan péré, Láolú á fi Yorùbá sọ ọ́ títí oníwàásù á fi mu omi, tí á fi nu ojú, tí á sì tún dúró dè é. Èyí tí kò bá yé e, ó ń fi ohùn gbé e gba ibẹ̀ kọjá, ìjọ á sì ṣe àmín gbọnmọgbọnmọ. Bẹ́ẹ̀ ni Láolú ṣe gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohùn ni olórí iṣẹ́ ògbufọ̀, kí ọ̀rọ̀ yé èèyàn kàn jẹ́ èènì.

Lọ́jọ́ kan, máníjà wọn, Màdáàmù Catherine, kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní ẹ̀rọ tuntun kan ń bọ̀ láti Spéènì, òyìnbó kan yóò sì wá bá wọn tò ó. Òyìnbó tó wá láti ibẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àná kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n fi ọwọ́ júwe fún ara wọn títí wọ́n fi de bẹ́líìtì ẹ̀rọ sódì, bísíkíìtì sì ń padà wọnú iná. Màdáàmù kò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó gbọ́ èdè Spéènì nígboro.

Láolú kò tíì ronú tí ọwọ́ rẹ̀ fi lọ sókè. "Èmi gbọ́ ọ, Mà. Mo gbọ́ ọ dójú àmì."

Ojúọlápé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan náà, yí ọrùn wò ó tìyanu-tìyanu. Màdáàmù ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó ní Láolú ni yóò jẹ́ ẹnu òyìnbó náà, àti pé bí iṣẹ́ bá parí, ilé-iṣẹ́ yóò rán ẹnì kan lọ sí Spéènì láti lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ ọ̀hún wá, ẹni náà ni yóò sì di ọ̀gá ìdí rẹ̀. Gbogbo ojú padà sára Láolú. Ọkùnrin yìí ti sọ ìtàn ìlú òyìnbó fún èèyàn títí ẹnu fi ń kan, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìnnà jù tó dé rí ni Ìlọrin, ó sì sùn nínú mọ́tò lálọ àti lábọ̀. Ó fẹ́ Spéènì yìí dé egungun.

Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, Agége ti gbọ́. Wòlíì da òróró sí i lórí pé kí ọ̀nà là. Ìyá ìjọ ní kó bá òun ra bàtà tí kì í dun ẹsẹ̀, bàbá olórí akọrin ní òun kàn fẹ́ ẹ̀wù òtútù. Láolú ń gba gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an, ó ń dáhùn pé kò sí wàhálà, ó sì lọ ra báàgì ńlá oníkẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀.

Wàhálà kan ló wà, èdè ni. Ó ṣí fóònù, ó rí tíṣà kan tó ń fi fídíò kọ́ni ní Spéènì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, hablar, ìyẹn "sọ̀rọ̀". Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Lédè tiwa, mo sọ̀rọ̀, o sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀: sísọ̀rọ̀ dúró sójú kan, ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń yí padà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti yí padà, ọ̀rọ̀ náà á pààrọ̀ aṣọ. Hablo ni tèmi, hablas ni tìrẹ, habla ni ti ẹni yẹn, hablamos ni tiwa, habláis ni tiyín, hablan ni tiwọn. Àná ní aṣọ tirẹ̀, ọ̀la ní tirẹ̀, àṣẹ ní tirẹ̀. Kódà ohun téèyàn kàn ń fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, tí kò sì dá a lójú, wọ́n rán aṣọ fún un lọ́tọ̀.

Láolú fi ara sí i. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ sáàmù lọ́mọdé, pẹ̀lú orin àti mímì ara, títí ó fi mọ̀ ọ́n síwá-sẹ́yìn. Tíṣà wá sọ pé ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ló wà tí ń tọ ipasẹ̀ hablar bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni Láolú ti pa fóònù. Ó ní nígbà tí òun ti mọ ọ̀kan, òun ti mọ gbogbo wọn nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ pé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ẹ káàárọ̀ ní Spéènì, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tàbí àkókò tí kò lè sọ pé òun ń sọ̀rọ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ náà, wọn kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ gbàdúrà àárọ̀. Orin ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Joseph, awakọ̀ Màdáàmù, gbé òyìnbó náà dé láti òtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí ní Opebi. Ọ̀gbẹ́ni Orhan ni orúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó gbé àpò irinṣẹ́ dání. Màdáàmù kò fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dà á láàmú, ó kàn rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ṣẹ́wọ́ sí Láolú pé kó kí wọn káàbọ̀.

Láolú bọ́ síwájú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú, bó ṣe máa ń ṣe lórí pẹpẹ.

"Hablo, hablas, habla. Hablamos, habláis, hablan."

Òyìnbó wo ọwọ́ tó wà lókè, ó wo ojú tó wà ní dídì, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹrí ba. Láolú la ojú kan díẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ń wọlé, ara rẹ̀ bá yá gágá. Ó fi ohùn arò mú ti àná: hablé, hablaste, habló. Ìyá àgbà kan nínú àwọn tó ń di bísíkíìtì mi orí, ó káàánú ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Láolú na ìka sí òrùlé fún ti ọ̀la, ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ fún ti àṣẹ. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àmín, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè fi dá irú ohùn bẹ́ẹ̀ lóhùn. Òyìnbó náà ṣe àmín.

Màdáàmù rọra bi Láolú pé kí ló sọ. Ó ní òun bá ilé-iṣẹ́ kí wọn ni, òun sì béèrè àlàáfíà ìdílé wọn. Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni fóònù òyìnbó dún. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sọ èdè kan wàràwàrà. Màdáàmù tún bi Láolú pé kí ni wọ́n ń sọ.

Láolú dẹtí, ó mi orí bí ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan. "Ọ̀gá wọn ní Spéènì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, Mà. Wọ́n ní ibí mọ́ tónítóní, wọ́n sì ti rí ẹni tó gbédè. Wọ́n ní kí wọ́n ti máa ṣètò yàrá fún ẹni náà."

Òyìnbó pa fóònù. Ó kọjú sí Màdáàmù, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara tọrọ gáfárà. Ó ní ìyàwó òun ló pè láti Tọ́kì, kò rí kọ́kọ́rọ́ ilé. Màdáàmù bi í bóyá kì í ṣe ará Spéènì ni. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Tọ́kì ni òun, ilé-iṣẹ́ Spéènì kàn gba òun síṣẹ́ ni, òun kò sì gbọ́ èdè wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn fi ń bá ara àwọn sọ̀rọ̀. Ó wá fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá àdúrà Yorùbá yẹn ti parí, torí ó dùn létí òun gan-an, àmọ́ òun fẹ́ tú ẹrù ẹ̀rọ.

"Bọ̀dá Láolú," ni Ojúọlápé wí, "ṣé ìyàwó wọn ló máa ṣètò yàrá náà ni?"

Ẹ̀rín bú yàà. Màdáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Láolú, kí lo ti ń sọ látàárọ̀?"

 Láolú ń wo Spéènì bó ṣe ń lọ. Ẹnu rẹ̀ tún ti kọjá lọ kó tó mọ̀. "Àdúrà ni, Mà. Ẹ̀rọ yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Spéènì ni wọ́n ti ṣe é, èdè tó gbọ́ ni mo fi gbàdúrà sí i, kó má bàa dé ìlú onílùú kó ya olóríkunkun."

Ní ibòmíràn, wọn ì bá ti lé e síta. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ta òróró sí jẹnẹrétọ̀ rí, tí wọ́n ti wọ́n omi àdúrà sára ọkọ̀ ìyẹ̀fun, ta ló fẹ́ jiyàn? Wọ́n to ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà, bísíkíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í tò bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Orhan la ẹnu sílẹ̀. Ó ní gbogbo ibi tí òun ti ń to irú rẹ̀, ó máa ń ṣagídí fún òun ná. Ó wá Láolú lọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ tan ẹ̀rọ títí Láolú yóò fi dúró níwájú rẹ̀, tí yóò sọ hablo dé hablan.

Láolú gbádùn ara rẹ̀. Obìnrin kan ní kó bá òun bá ẹ̀rọ ìránṣọ tó dákú nílé sọ̀rọ̀. Láolú ní kó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é ná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó pẹ́ dé, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbá a, kò dáhùn. Láolú sáré wọlé, ó mí hẹlẹ, ó mú èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun téèyàn ń fẹ́: "Hable, hables, hable." Kó tó kan hablemos, ẹ̀rọ ti bú ramúramù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni oníná parí fíúsì tó ń pààrọ̀ lẹ́yìn ògiri, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi oníná.

Ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Orhan fẹ́ padà, Màdáàmù kó wọn jọ láti sọ ẹni tí yóò lọ sí Spéènì. Láolú wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìsinmi sábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Màdáàmù ní Ojúọlápé ni.

Láolú rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó dìde, ó ní, "Mà, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè wọn níbí."

"Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ́ni níbẹ̀," ni Màdáàmù dáhùn. "Ọ̀gbẹ́ni Orhan sì ti fi Ọlọ́run bẹ̀ mí. Wọ́n ní ẹni tó bá wù mí ni kí n rán, àmọ́ ẹni tó ń gbàdúrà sí ẹ̀rọ yẹn ò gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀. Láolú, tó o bá lọ, ta ló máa wá máa bá a sọ̀rọ̀?"

Láolú la ẹnu. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe àdúrà, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń yí síbí yí sọ́hùn-ún ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè kọ́ ọ. Ó wo gbogbo àwọn tó ti ṣe àmín. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ́wọ́, Spéènì kò ní padà wá, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun náà á bá a lọ.

"Àbí àdúrà kọ́ ni?" ni Màdáàmù bi í.

"Àdúrà ni, Mà."

"Ó dáa. Gbàdúrà ìrìn-àjò fún Ojúọlápé. Fi èdè wọn ṣe é, kí ilẹ̀ wọn lè gbà á."

Ojúọlápé kúnlẹ̀. Láolú gbé ọwọ́ sókè, ó di ojú, ó sì mú ti ọ̀la: hablaré, hablarás, hablará. Àmín náà le tó bẹ́ẹ̀ tí eruku ìyẹ̀fun já bọ́ láti òkè àjà. Nígbà tó la ojú, Ojúọlápé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó rọra fà á láṣọ.

"Bọ̀dá Láolú, ẹ jọ̀ọ́, báàgì ńlá oníkẹ̀kẹ́ tí ẹ rà de Spéènì yẹn, ṣé ẹ ò tíì bọ́ ọ̀rá ara ẹ̀?"