Tíṣà Tún Ìwé Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ Kà

Ẹ̀yìn ilé kan ní Masaka ni Tíṣà Kiggundu jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó kọjú sí ewúrẹ́ tí a so mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé, lẹ́yìn aṣọ èèpo igi tó bo ẹnu ọ̀nà, nítorí ní ilẹ̀ wọn, ọkọ ọmọ kì í fojú kan ìyá ìyàwó; ohun tí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn sọ, ewúrẹ́ ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Ẹyin lohùn: kí Tíṣà tó gbéyàwó rárá ló ti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, tó fi bẹnu àtẹ́ lu ìwé kan ṣoṣo tí ìyá yìí kọ, ìtàn ìpànìyàn ayé ọba àtijọ́. Nabakka ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé ìròyìn ọ̀hún nísàlẹ̀ àpótí ni, ló bá kẹ́rù, ó di ilé ìyá rẹ̀. Ilé wá dá páropáro, àárò ìyàwó sì ń pa Tíṣà.

"Ewúrẹ́, bá mi sọ fún Ìyá pé mo ti tún ìwé wọn kà."

"Ewúrẹ́, bi í pé kí ló wí nígbà àkọ́kọ́," ni Ìyá wí láti inú ilé.

"Mo ní ọ̀dẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀. Ní orí kejì, màmá kan gbé èso kọfí fún àlejò, òun tó gbé e kalẹ̀ kò kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ bí àṣà, àlejò kú. Ta ni kò mọ̀ pé òun ló pa á? Síbẹ̀ ọkùnrin yìí fi ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé bi apẹja, ó bi amọ̀kòkò, kò bi màmá."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Mo ti níyàwó. Ìyá ìyàwó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni màmá yẹn. Báwo ni ì bá ṣe bi í? Ibi tó ti ń bi adìẹ léèrè, kí màmá lè gbọ́ lẹ́yìn ògiri, ẹkún ni mo sun."

Ewúrẹ́ ké. Ìyá ní òun náà ti tún un kà, Tíṣà ló jàre: ìwé náà gùn jù, òun yóò gé e ku ogójì ojú ewé.

"Ẹ má gé e, mà!" Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ó ní ẹni tó bá ní ó gùn kò tíì ní àna ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìwé fún ẹni tó kọ ọ́, ní orí-orí, títí Ìyá fi fi ìborùn pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

"Ó dáa, mi ò gé e mọ́."

"Ẹ ṣé, mà. Nabakka ńkọ́?"

Ọwọ́ kan ti agbọ̀n èso kọfí jáde lábẹ́ aṣọ dé ẹ̀gbẹ́ Tíṣà. Tíṣà wò ó, wò ó.

"Ewúrẹ́, bá mi bi Ìyá, ṣé wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀?"

"Ewúrẹ́, sọ fún un pé Nabakka ti ń di ẹrù rẹ̀ láti bá a lọ sílé. Ti kọfí yẹn, òun ló mọ orí kejì ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ."