Baba Láníhùn Wo Ẹ̀yìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Ohun tí tíṣà kọ́ yín lẹ fẹ́ sọ, tíṣà kò sì sí níbẹ̀. Orí pápá eléruku ìlú Òkè-Iyanrìn ni òwe yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìje.

Ọgbọ̀n ọdún ni Baba Láníhùn fi wa ọkọ̀ ìje lórí pápá yẹn, kò gba ipò kìíní rí. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà o. Ìwà ọmọlúàbí ló ń pa á lára. Màmá Àbẹ̀ní, ìyá ìyàwó rẹ̀, máa ń gbé àpótí ìjókòó wá sí kọ́nà kejì ní gbogbo ọjọ́ ìje. Ṣé ènìyàn á wá kọjá lára àna láìkí i ni? Bí Baba Láníhùn bá ti dé kọ́nà yẹn, á tẹ bíréèkì, á ṣí akoto, á yọrí lójú fèrèsé: "Màmá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú oòrùn. Ilé ńkọ́?" Ìyípo márùn-ún ni ìje kan, ìgbà márùn-ún ló sì ń kí i. Kó tó kí i tán, àwọn yòókù ti ń mu omi lẹ́yìn ìlà ìparí.

Nígbà tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ó tó. Ìje kan péré ló kù. Ó dùn ún wọra pé òun máa fẹ̀yìn tì láìgba ife kan ṣoṣo.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Lọ́la, n kò ní í kí ẹnikẹ́ni."

"Títí kan Màmá?"

"Títí kan Màmá."

"Ọlọ́run á ṣàánú yín."

Lọ́jọ́ kejì, ó kọjá ní kọ́nà kejì fìrì. Ní ìyípo kejì, eruku bo Màmá dé orúnkún. Ní ìkẹta, ó dé ọrùn. Nígbà tó fi máa di ìkẹrin, gèlè nìkan là ń rí. Ṣùgbọ́n Baba Láníhùn ló wà níwájú. Tìámíyù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ife lọ́dún tó kọjá, ń jẹ eruku bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyípo karùn-ún ni ọkàn Baba Láníhùn kò balẹ̀ mọ́. Ó wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bóyá inú ń bí Màmá. Màmá ti dìde, ó ń ju ọwọ́ fìrìfìrì. "Mo gbé," ni Baba Láníhùn wí. Ó wo dígí náà pẹ́ jù. Tìámíyù bá a, ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri, wọ́n dojú dé nítòsí ìlà ìparí.

Òfin pápá náà sì ni pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọjá ìlà ló gba ife.

Tìámíyù rá jáde. Ó wo iwájú, ó rí ìlà, ó bẹ́ sí eré.

Baba Láníhùn náà rá jáde. Òun ló tiẹ̀ sún mọ́ ìlà jù. Ó wo ẹ̀yìn. Ó rí àna rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, eruku ti mú un pọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, àpótí lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú eruku."

"Dìde!" ni Màmá ń pariwo. "Sá lọ! Ìlà nìyẹn!"

"Bí ẹ kò bá tíì dárí jì mí, n kò lè dìde."

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún Tìámíyù.

Màmá gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó mí kanlẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó sí kọ́nà yẹn, kí n lè rí ọjọ́ tí o máa kọjá láìdúró. Lónìí tí mo rí i, inú mi dùn, mo dìde, mo ń juwọ́ sí ọ pé kí o máa lọ."

Baba Láníhùn rò ó síwá sẹ́yìn lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni ó wí. "Ilé ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí tíṣà yín máa sọ tirẹ̀. Tìámíyù gba ife. Baba Láníhùn gba ìdáríjì tí kò sẹ́ni tó ní kó tọrọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn, bóyá àna rẹ̀ ń bọ̀.