Láwàní Fọkanáísà àti Góòlù Kẹfà

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pariwo bọ́ọ̀lù láti àárọ̀, ẹ dákẹ́ ná, kí n bi yín ní nǹkan kan. Kí ló fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ iye góòlù tí ẹni tí ẹ ò fojú rí rí gbá wọlé nílùú òyìnbó, ẹ mọ bàtà tó wọ̀, ẹ mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n òwe tí bàbá yín fi ń bá yín wí lójoojúmọ́, ẹ ò mọ ìdí rẹ̀. Ó dáa. Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bi mí pé ṣé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láyé àwọn àgbà, kó dìde kó máa lọ sílé wọn. Èmi ni mò ń sọ ìtàn.

Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láwàní. Fọkanáísà ni. Ó ń lẹ táyà tó jò, ó sì ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, a ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó wà láyé yìí, táyà ni lójú Láwàní. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń sunkún, á ní ó ń jò níbì kan. Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, á ní wọn ò wọn afẹ́fẹ́ ìgbéyàwó náà kí wọ́n tó gbéra. Iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni àwọn alátìlẹ́yìn Àfọ̀n Yunáítẹ́dì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, ti máa ń pàdé. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fìdí lé bẹ́ǹṣì yẹn, ó ti di kóòṣì nìyẹn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Láwàní fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbá a rí láyé rẹ̀, bàtà rẹ̀ ló wọlé, bọ́ọ̀lù dúró síbi tó wà.

Kóòṣì gidi tí ẹgbẹ́ náà ní ń jẹ́ Oyèkànmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n Sìdíkátù, ìyàwó Láwàní. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Láwàní fi ọdún mẹ́ta ju Oyèkànmí lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé àbúrò rẹ̀ ló fẹ́, òun ló gbọ́dọ̀ máa tẹrí ba fún un. Kò sí ohun tó ń dun Láwàní tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí Oyèkànmí ń gbà gbá bọ́ọ̀lù kò le. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó jáde lọ ṣeré. Ènìyàn márùn-ún ló máa ń fi sẹ́yìn láti ṣọ́lé. Èyí máa ń bí Láwàní nínú débi pé iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ. "Ènìyàn márùn-ún! Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Òkú ni wọ́n ń ṣọ́ ni?"

Ó wá di ọjọ́ kan tí Àfọ̀n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òkè-Ìrókò, ìlú tó wà lódìkejì odò. Mẹ́fà sí òdo ni wọ́n fi nà wọ́n. Ibà ló ń ṣe mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí Òkè-Ìrókò wá san ìbẹ̀wò padà ní Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí àyè lórí bẹ́ǹṣì mọ́.

"Ẹ̀yìn wọn ló ń jò," Láwàní wí, ó ń fi irin lu ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. "Ẹ fi ènìyàn márùn-ún dí i, ó ṣì ń jò. Ẹ kó gbogbo wọn lọ síwájú! Bí a ò bá ní ẹ̀yìn, kí ló máa jò?"

"Ọ̀rọ̀ rèé o!" Jókotoyè ló sọ bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni, orí ẹnìkan tó fá dé ìdajì ló sì fi sílẹ̀ tó fi wá jókòó.

Bàbá Ṣùbúọlá, alága ẹgbẹ́, àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀, wá bi í pé, "Láwàní, bí a bá lé Oyèkànmí, tí ọ̀rọ̀ wá burú ju báyìí lọ ńkọ́?"

Láwàní rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti rí ojútùú ayé ló rín. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà?"

"Èje ni."

"Ẹ ṣé. Ẹ̀fà ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Góòlù kan péré ló kù nínú gbogbo ibi tó lè bá wa láyé yìí. Ta ló ń bẹ̀rù góòlù kan?"

Ẹ wò mí. Àgbàlagbà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ilé wà nínú wọn, ẹni tó ti dé Mẹ́kà wà nínú wọn. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni, ìṣirò ò purọ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Oyèkànmí, wọ́n ti gbé e fún Láwàní.

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Sìdíkátù kí Láwàní tó délé. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ń ṣa ewé, kò sì gbójú sókè.

"Bàbá Rìsí, wọ́n ní ẹ ti lé ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìlú ló lé e."

"Ìlú wo? Ìlú orí bẹ́ǹṣì?" Ó gbọn ewé ọwọ́ rẹ̀ nù. "Wọ́n tún ní ẹ sọ pé lẹ́yìn ẹ̀fà, èje ló kù. Ó dáa, mo gbà. Bí wọ́n bá na yín ní méje, mi ò ní í wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo ju méje lọ, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n mi níwájú bẹ́ǹṣì yẹn lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo ayé máa wò yín. Títí ẹ ó fi ṣe é, ẹ máa dáná fúnra yín."

Láwàní, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí nínú ilé ara rẹ̀, ní òun gbà. Ṣebí ó ti ṣírò rẹ̀.

Bí ọjọ́ ìdíje ṣe dé, ó kó àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ síwájú, ó ku Tìámíyù aṣọ́lé nìkan sẹ́yìn. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fún ní oyè tí kò tọ́ sí i, kì í mọ̀gbà tó yẹ kó jókòó. Láwàní gbé bọ́ọ̀lù lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ó ní koríko ló wà ní pápá Òkè-Ìrókò, bọ́ọ̀lù tó rọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ilẹ̀ pápá tiwọn sì le. Òun máa fẹ́ bọ́ọ̀lù náà débi tí kò fi ní í gbọ́ tiwọn mọ́.

"Láwàní, ó ti tó," Jókotoyè wí, ó ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ ni fọkanáísà ni?"

Afẹ́fẹ́ tó tó táyà tírélà ló fún un. Nígbà tí rẹfirí fi ìka kan bọ́ọ̀lù náà, ó dún bí ìkòkò irin. Rẹfirí wo Láwàní, ó wo bọ́ọ̀lù, ó mí kanlẹ̀, ó fọn fèrè.

Fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ó dùn. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dà bo ojú ilé Òkè-Ìrókò, Láwàní sì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìgbà tó yá, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Òkè-Ìrókò fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù náà dànù kó lè kúrò nítòsí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ láàárín pápá, ó ta sókè, ó fo gbogbo wọn, ó tún bọ́ sílẹ̀, ó tún ta, ó gba orí Tìámíyù kọjá, ó wọlé. Kò sí ẹnì kan lẹ́yìn tó lè dá a dúró. Ọkùnrin náà ká ọwọ́ lérí. "Ẹ má bínú o! Mo kàn ń lé e lọ ni."

Ó bẹ̀bẹ̀ báyìí nígbà mẹ́fà kí ìdajì eré tó pé. Òun nìkan ló gbá gbogbo rẹ̀ wọlé, kò sì kúrò lójú kan.

"Láwàní," Bàbá Ṣùbúọlá wí nígbà ìsinmi, "dá àwọn ọmọ padà sẹ́yìn. Sì yọ lára afẹ́fẹ́ yẹn, mo bẹ̀ ọ́."

"Bàbá, ẹyọ kan ló kù!" Láwàní na ìka kan sókè. "Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ ní sùúrù? Ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan yẹn wọlé, kí ọkàn wa balẹ̀!"

Èje náà dé kíá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àfọ̀n fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ṣubú síwájú, bọ́ọ̀lù fò padà sẹ́yìn, ó wọ ilé ara wọn. Ẹ wá wo Láwàní! Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Èje nìyẹn! Ó tán! Alihamudu lilahi!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Jókotoyè ló fà á láṣọ, ó ní, "Láwàní, ogún ìṣẹ́jú ṣì kù."

"Ogún ìṣẹ́jú kí ni? Kí ló tún kù tó máa wọlé?"

Bí wọ́n ṣe ń bá èyí lọ́wọ́, Tìámíyù kúrò lójú ilé, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi í lé Láwàní lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ kan ti wọ́. "Ìyá mi ò bí mi fún irú èyí," ó wí, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ láìwẹ̀yìn.

Kò sí aṣọ́lé mìíràn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ń wo ilẹ̀, bí ìgbà tí tíṣà bá ń wá ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Láwàní pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ìdọ̀bálẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ nílẹ̀ níwájú Oyèkànmí, ó rí ìkòkò ọbẹ̀ tó dojú dé. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì lọ dúró láàárín òpó ọparun méjèèjì.

Orí bá a ṣe é, bọ́ọ̀lù náà ti di ohun ẹ̀rù fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ Àfọ̀n ń yí i ká, àwọn ọmọ Òkè-Ìrókò ń yí i ká, kò sí ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Láwàní ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Rẹfirí ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ yẹn rìn wá síbi tí bọ́ọ̀lù wà, ó wojú Láwàní lókèèrè, ó ní, "Ẹ má bínú o, bàbá," ó sì gbá a.

Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, Láwàní mú bọ́ọ̀lù náà. Ó mú un! Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ ikùn, kò sì jù ú sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ni kò dúró. Ó gbé Láwàní, wọ́n jọ wọ inú àwọ̀n, wọ́n jọ kọlu òpó tó wà lẹ́yìn. Ọ̀pá ìdábùú já lulẹ̀, ṣóńṣó ọparun gún bọ́ọ̀lù, afẹ́fẹ́ tírélà sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dún gbòlàà! Àwọn òǹwòran fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Rẹfirí dojú bolẹ̀.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Láwàní wà nínú àwọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Awẹ́ bọ́ọ̀lù mẹ́ta sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹyọ kan ni," Bàbá Ṣùbúọlá wí.

"Ẹyọ kan báwo?" Àwọn ará Òkè-Ìrókò ti yí òpó ká. "Mẹ́ta ló wọlé! Ẹ kà á!"

Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí wọ́n ka Láwàní náà mọ́ ọn, òun náà ṣáà wọlé. Rẹfirí gbọn eruku nù lára, ó wo odò tó ṣì máa sọdá kó tó délé, ó wo ọ̀pọ̀ ojú tó ń wò ó. Ó kọ mẹ́wàá sínú ìwé, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Gààrí ni Láwàní ń mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Sìdíkátù ń se ọbẹ̀ tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń kí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, Láwàní jáde wá síwájú bẹ́ǹṣì. Gbogbo ìlú ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Oyèkànmí jókòó, ojú sì ń ti òun gan-an.

Láwàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ikùn tí bọ́ọ̀lù ti lù ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. "Yéè!"

Oyèkànmí ti fẹ́ ní kó dìde. Ṣùgbọ́n tíṣà ni tíṣà ń jẹ́. "Àna mi," ó wí jẹ́jẹ́, "kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà?"

Láwàní kò gbé orí sókè. "Èje," ó wí. Ó ń fi ìka kà á nílẹ̀. "Awẹ́ bọ́ọ̀lù mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Ìka Tìámíyù wà níbẹ̀. Òpó ọparun wà níbẹ̀. Ikùn mi wà níbẹ̀. Gààrí ọjọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yìí náà wà níbẹ̀." Inú bí i, ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dìde! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ!"