Kẹ̀kẹ́ Méjì, Kò Sí Àga

Káfíńtà kan wà tó ń kan àga fún gbogbo àdúgbò, àmọ́ kò ní àga kan ṣoṣo nínú yàrá tiẹ̀. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló fà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ìyá ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya wá wo ilé rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Ohun tó bá rí lọ́jọ́ yẹn ló máa sọ bóyá ó máa fún un lọ́mọ tàbí kò ní fún un. Ó wọlé, ó dúró sáàárín yàrá, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, mà."

"Sórí kí ni?"

Káfíńtà wò yíká bí ẹni pé yàrá ẹlòmíì ló wà. Ó fa àpótí tó ń kó ìṣó sí jáde, ó fi aṣọ nù ún.

"Ẹ rọra jókòó, mà. Ẹ má fara ti apá òsì."

"Wọ́n sọ fún mi pé káfíńtà ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn àga tó ń gbẹ níta yẹn, èmi ni mo kàn wọ́n. Àmọ́ wọ́n ti ní oníbàárà."

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Mi ò rí bẹ́ẹ̀dì."

"Ó wà tẹ́lẹ̀, mà. Ẹnì kan ló wá lójijì, ó ní òun ń ṣègbéyàwó, òun ò lè dúró dìgbà tí mo bá kan tuntun. Mo bá tú tèmi fún un."

"O tú bẹ́ẹ̀dì ara ẹ fún ẹni tó ń ṣègbéyàwó. Ìwọ náà kọ́ lo fẹ́ gbéyàwó?"

"Èmi ni, mà."

"Kò burú. Mò ń gbọ́."

Kò gbọ́ nǹkan kan o. Ojú ìyá ti kọjá lọ síbi ògiri, níbi tí kẹ̀kẹ́ méjì fara tì sí, tí wọ́n ń dán bíi ṣíbí tuntun. Nǹkan tó dán nínú yàrá náà ò ju àwọn nìkan lọ.

"Kí nìyẹn?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, mà. Òun la fi ń rin ọ̀nà jíjìn. Àwa kan wà tá a máa ń gùn ún láti etí òkun lọ dé ẹsẹ̀ òkè, láìsí ẹni tó máa ràn wá lọ́wọ́. Oṣù tó ń bọ̀ la tún ń lọ."

"Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa, mà."

"Kí lẹ máa ń rà bọ̀?"

"A kì í ra nǹkan kan, mà. Tá a bá ti débẹ̀, a ti débẹ̀ nìyẹn."

"Mọ́tò ò sí lójú ọ̀nà yẹn?"

"Ó wà, mà. Ó máa ń kọjá lára wa."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, ó mú nǹkan kan tó gùn tó àtàńpàkò, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Èyí ńkọ́?"

"Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi ni, mà."

"Eku ló jẹ ẹ́?"

"Èmi ni mo gé e, mà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo jù."

"Ó wúwo jù fún ẹnu ẹ?"

"Fún kẹ̀kẹ́, mà. Gbogbo ẹrù mi gbọ́dọ̀ wọnú àpò kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó yẹn. Mo gé ọwọ́ ṣíbí náà."

"Mo rí ṣíbí yẹn. Mo rò pé ti ọmọ ọwọ́ ni, inú mi ti fẹ́ máa dùn. Owó bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí lo fi ṣe?"

"Táyà, mà."

"Owó fáànù?"

"Ṣéènì, mà."

"Owó ẹran?"

"Ẹ̀wà ni mò ń jẹ, mà. Ibi tí ẹran ń gbéni dé náà ni ẹ̀wà ń gbéni dé."

Ìyá dá búrọ́ọ̀ṣì náà padà síbi tó ti mú un, jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún ẹ. Ìṣẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi àti ìṣẹ́ ti jọ gbélé pọ̀ rí, mo mọ ìwà ẹ̀. Ọkùnrin tí ẹrù ẹ̀ fúyẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Bàbá ọmọ mi, gbogbo ohun tó ní láyé ò kún àpò kan. Ọjọ́ tó máa lọ, búrẹ́dì la rò pé ó lọ rà. Ọmọ yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò fẹ́ kó tún jókòó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé ẹ̀."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀, mà."

"Bí òun náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Tìẹ tiẹ̀ tún burú, nítorí ọmọ mi ti lóyún."

Káfíńtà fẹ́ jókòó, ó rántí pé kò sí àga, ó tún nàró.

"Oyún kẹ̀, mà?"

"Má ṣojú bẹ́ẹ̀ sí mi. Agbẹ̀bí ni mí, láti ẹ̀yìn ni mo ti ń mọ aboyún. Ó ń jẹun bí ẹni méjì. Alaalẹ́ ló ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti jáde, á ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun tó ń ṣàìsàn. Àìsàn wo ni kì í san, tí kì í pani, tó sì jẹ́ pé Sátidé nìkan ló ń mú èèyàn? Tó bá wá dé, oorun ló kàn."

"Kò lóyún, mà."

"Ìwọ náà ti di agbẹ̀bí?"

"Rárá, mà. Àmọ́ nínú ohun tó ń fa oyún, a ò tíì ṣe ìkankan."

Ìyá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó dáa, a ti kúrò lórí oyún. Ó ku kẹ̀kẹ́. Ìdí kan ṣoṣo lo ní, kí lo ń fi kẹ̀kẹ́ méjì ṣe?"

"Ìkejì kì í ṣe tèmi, mà. Ti ọ̀rẹ́ mi kan ni."

Ìyá dìde, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjókòó ẹ̀ wálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan so rọ́bà ìdirun pupa mọ́ ọwọ́ ẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ ẹ kúrú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó tún ń dirun."

Káfíńtà mú aṣọ, ó tún ń nu àpótí ìṣó.

"Obìnrin ni?"

Ká ní káfíńtà yìí mọ irọ́ í pa ni, ibí ni ì bá ti pa á. Kò mọ̀ ọ́n pa.

"Obìnrin ni, mà."

"Ẹ jọ máa ń jáde?"

"Sátidé nìkan, mà."

"Ọmọ mi mọ̀ ọ́n?"

"Wọ́n mọra dáadáa, mà."

"Ó mọ̀ ọ́n, kò sì bá a jà?"

"Wọn ò tíì jà rí, mà. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń fẹ́."

Ìyá gbé báàgì ẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà.

"Mo ti rí ohun tí mo wá wò. Màá sọ fún un nílé. Ó dàbọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dúró." Káfíńtà di orí mú. "Ó mú mi ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún yín. Tí mo bá sọ, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mi ò bá sọ, ẹ ò ní fún mi lọ́mọ."

"Yan ọ̀kan. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn."

"Ọmọ yín ló ni kẹ̀kẹ́ yẹn, mà."

Ìyá padà wá jókòó sórí àpótí ìṣó, apá òsì gan-an ló sì jókòó lé. Àpótí náà ké, àmọ́ ó gbà á.

"Ọmọ tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ebi tó ń pa á, kẹ̀kẹ́ ni. Ẹsẹ̀ tó ń fọwọ́ pa, kẹ̀kẹ́ ni."

"Ọ̀rẹ́ tó ń ṣàìsàn ńkọ́?"

"Èmi ni, mà. Àmọ́ ara mi le."

"Ìwọ lo kọ́ ọmọ mi nírú èyí."

"Òun ló kọ́ mi, mà. Mò ń fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan gbé pákó lọ fún oníbàárà lọ́jọ́ kan, obìnrin kan bá kọjá lára mi fìrì. Mo ní kí n bá a, kí n kí i. Mi ò bá a. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mi ò bá a. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, mà, kí n tó mọ ojú ẹ̀. Nígbà tó yá, àánú mi ṣe é, ó dúró dè mí lábẹ́ igi. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ta ẹrù mi, kí n lè ra kẹ̀kẹ́ gidi. Èmi náà ti wá fẹ́ràn kẹ̀kẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí mo bá wà lórí ẹ̀, inú mi máa ń dùn débi pé mi ò ní rántí pé ẹ̀wà ni mo jẹ."

"Kí ló dé tí kò lè sọ fún mi?"

"Ó ní ẹ ti dúró de ẹnì kan rí tí kò padà. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ tún máa wojú ọ̀nà ní gbogbo Sátidé."

Ìyá na ọwọ́, ó gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kékeré náà sókè díẹ̀, ó fi ìka kan ti pẹ́dà ẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì ń yí, ó ń dún tíkí-tíkí-tíkí. Ó ń wò ó títí ó fi dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn, méjèèjì hàn lójú ẹ̀.

"Ti oṣù tó ń bọ̀ yẹn, ẹ jọ ń lọ ni?"

"Tẹ́ ẹ bá gbà, mà."

"Ta ló máa ń wà níwájú?"

"Òun ni, mà."

"Tó bá rẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Òun náà ni, mà."

"Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè?"

"Kí n tó dórí òkè, mà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì."

"O ò tíì bá a rí, látìgbà yìí?"

Káfíńtà tẹrí ba. Ọkùnrin wo ló máa ń sọ irú èyí lójú ìyá ìyàwó?

"Mi ò tíì bá a rí, mà. Mo sì ti gbìyànjú."

Ìyá dìde, ó gbọn eruku pákó kúrò lára aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀.

"Ní kí àwọn èèyàn ẹ wá. Ṣé o rí i, gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé o máa sá fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹni tí kò lè bá a, báwo ló ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀?"